Agbára iná ti dé ọwọ́ Èkìtì: kí ni kí ìlú wa kọ sínú ìwé tí a fẹ́ kọ sí ìjọba?

Akọ̀wé_Ìkọ̀lé
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì. Ẹgbẹ́ onílùú wa fẹ́ kọ ìwé sí ìjọba ìpínlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná, èmi ni wọ́n sì gbé gègé lé lọ́wọ́. Ohun tí àwọn àgbà ní kí n kọ kò ju ìlà kan lọ: "A fẹ́ iná tọ̀sán-tòru." Mo mọ̀ pé bí mo bá kọ ìyẹn nìkan, ẹni tó máa gbà á ní Adó á kàn kì í bọ inú fáìlì ni.

Ohun tí mo mọ̀ nìyí. Láti oṣù Kẹwàá 2024, kì í ṣe Àbújá ló ń ṣe àkóso iná láàárín Èkìtì mọ́. Àjọ tiwa, tí wọ́n ń pè ní Ekiti State Electricity Regulatory Bureau, ló wà nídìí ẹ̀. Mo tún gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà iná tuntun fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2025. Ibo wá ni ìlú bíi tiwa ti fẹ́ wọnú ètò ńlá yìí? Kí ni ká béèrè tí wọn ò ní lè fi ẹnu dídùn lásán dá wa lóhùn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ bá mi bú ìjọba. Èébú pọ̀ nílé.

Lọ́yà_Adó
Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí agbára ìpínlẹ̀ dé, kí ìwé yín má baà lọ ilé onílé.

Ìwé òfin 1999 kò ní kí ìpínlẹ̀ má fọwọ́ kan iná rárá. Ohun tó wí ni pé ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí iná níbi tí wáyà orílẹ̀-èdè kò bá dé. Ibo ni wáyà ò dé? Inú igbó. Oṣù Kẹta 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe tó mú ìdènà yẹn kúrò. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí Òfin Iná 2023, tó sọ bí ìpínlẹ̀ ṣe máa gba àkóso. Ìpínlẹ̀ á ṣe òfin tirẹ̀, á kọ̀wé sí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná ní Àbújá, àti sí iléeṣẹ́ apínná. NERC ní ọjọ́ 45 láti kọ àṣẹ ìfàlélọ́wọ́, gbogbo ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kọjá oṣù mẹ́fà. Àwa, Enugu àti Ondo wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Oṣù Kẹrin 2024 ni àṣẹ tiwa jáde, ó parí ní oṣù Kẹwàá. NERC tún pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ apínná tó wà níbẹ̀ dá iléeṣẹ́ abẹ́ sílẹ̀ tó jẹ́ ti Èkìtì nìkan. Ẹ má fojú kéré ìyẹn o, torí pé tẹ́lẹ̀, owó Èkìtì àti owó ìpínlẹ̀ mìíràn wà nínú ìwé ìṣirò kan náà, kò sẹ́ni tó lè sọ iye tí wọ́n rí lọ́dọ̀ wa àti iye tí wọ́n ná lé wa lórí.

Ohun tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ báyìí ni ẹni tó máa pín iná ní Èkìtì, iye tó máa tà á fún wa, àti ìyà tó máa jẹ bí ò bá ṣe é bó ṣe yẹ. Wáyà ńlá tó gba ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ àti iye tí àwọn tó ń pèsè iná ń tà á lórí wáyà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ Àbújá. Bí ẹ bá lọ béèrè ohun tí ìpínlẹ̀ ò láṣẹ lé lórí, ẹ ti fún wọn ní àwáwí nìyẹn.

Kò_Dá_Mi_Lójú
Iléeṣẹ́ iná ìjọba, ECN, lọ, NEPA dé ní 1972. NEPA lọ, PHCN dé. Wọ́n tà á fún aládàáni ní 2013. Wọ́n tún ti gbé e fún ìpínlẹ̀. Orúkọ ló ń yí, òkùnkùn ò yí. Ẹ máa kọ̀wé yín lọ.

Bàbá_Láìnì
Kò_Dá_Mi_Lójú, ọmọ mi, ìbínú rẹ tọ́. Òpó ni mo gùn jẹun láti ayé NEPA títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ irú èébú tí wọ́n bú wa. Ṣùgbọ́n ibi tí iná ti ń bàjẹ́ kì í ṣe ojú kan. Ẹni tí ò bá mọ ibi tó ti bàjẹ́ á máa pariwo mọ́ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé e láti ìsun rẹ̀. Omi ló ń yí ti Kainji, Jẹ́bà, Shiroro àti Zungeru. Gáàsì ló ń yí ti Egbin ní Èkó àti Omotosho níbí lápá Ondo. Iná á gba wáyà 330kV dé àwọn ibùdó ńlá bíi Òṣogbo (kV la fi ń wọn bí agbára tó ń ti iná lọ nínú wáyà ṣe pọ̀ tó). Òṣogbo yìí náà ni yàrá tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni kò mọ̀. Láti ibẹ̀, ó di 132kV, ó gba Àkúrẹ́ wá sí Adó. Ní ibùdó Adó ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di 33kV, ibẹ̀ sì ni iléeṣẹ́ apínná ti ń gbà á. Ó di 11kV ládùúgbò, tìráńsífọ́mà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà wá sọ ọ́ di èyí tí ẹ fi ń lọ aṣọ.

Lókè, wàhálà pọ̀. Ẹ̀rọ tí orílẹ̀-èdè yìí rà tó nǹkan bíi 13,000 mẹ́gáwáàtì lórí ìwé, ṣùgbọ́n èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa lójoojúmọ́ jẹ́ 4,000 sí 5,500. Èyí tó tíì pọ̀ jù, ní oṣù Kẹta 2025, jẹ́ nǹkan bíi 5,800. Gáàsì ò tó, wọ́n jẹ àwọn tó ń pèsè iná lówó rẹpẹtẹ, ẹ̀rọ mìíràn ti kú, wáyà náà ò sì lè ru púpọ̀. Ní 2024 nìkan, gbogbo ẹ̀ dà wó ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ Èkìtì.

Láti ibùdó Adó wá sí ẹnu ọ̀nà yín ńkọ́? Tiwa ni. Mo sì ń sọ fún yín pé lọ́pọ̀ ìgbà tí iná bá lọ nílé yín, Kainji ò mọ nǹkan kan sí i. Ẹ̀ka igi ló wó lé wáyà, tàbí fíúsì ló jó, tàbí ẹnì kan gun òpó lọ so wáyà tirẹ̀ mọ́ ọn lóru.

Akọ̀wé, nǹkan kan wà tí àwọn ìlú kì í béèrè. Bí ẹ bá gbé ìwọ̀n iná kan náà gba 11kV dípò 33kV, ohun tó ń ṣàn nínú wáyà á di ìlọ́po mẹ́ta, èyí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà á sì di ìlọ́po mẹ́sàn-án bí wáyà bá rí bákan náà. Ìdí nìyí tí àwọn tó wà ní ìdí wáyà gígùn fi ń rí iná tó pupa bíi ti fìtílà, tí fírísà wọn á máa hó láìdì. Ẹ béèrè: wáyà wo ló dé ọ̀dọ̀ wa, kìlómítà mélòó ló rìn kó tó dé, ìlú mélòó ló wà lórí ẹ̀, ọdún wo lẹ máa gbé 33kV sún mọ́ wa? Ìbéèrè tó ní ìdáhùn nìyẹn.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Adó
Bàbá, ẹ kú ìmọ̀ o. Èmi ò mọ kV, ẹja títù ni mo ń tà. Àdúgbò wa wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí ogún lójúmọ́. Ní oṣù Kẹrin 2024, wọ́n gbé owó ẹ̀ láti 68 náírà sí 225 lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó yá ó wá sí nǹkan bíi 209. Mo gbà, mo san.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná lọ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kò dé títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Páálí tó wà lókè fírísà ti rọ̀ kí n tó rí epo jẹ́n rà. Ẹja tó bá ti rọ̀, tó tún dì padà, ẹni tó mọ ẹja ò ní rà á: ojú ẹ̀ á ti wọnú, ikùn ẹ̀ á ti bẹ́, bó o bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ ò ní padà. Àwọn tó ń yan ẹja ní ìdí ọjà ni mo dà á fún ní owó tó bá wù wọ́n.

Ẹ ò gbọ́ pé mò ń sọ pé owó ẹ̀ wọ́n. Bó bá dúró, mo máa san 209, torí pé epo jẹ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mò ń san owó wákàtí ogún, mi ò rí wákàtí ogún. Ta ni kí n fi ẹjọ́ sùn báyìí tí wọ́n ní ó ti di ti Èkìtì?

Lọ́yà_Adó
Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Nínú àṣẹ tí NERC fi bẹ̀rẹ̀ owó Band A yẹn, bí wáyà Band A ò bá rí iye wákàtí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì léra, iléeṣẹ́ apínná gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún gbogbo ayé. Bó bá di ọjọ́ méje léra, wọ́n gbọ́dọ̀ já a sí ìpele tó bá iná tó ń rí mu, kí owó náà sì wálẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ ìwé sí iléeṣẹ́ apínná, kí ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Bí wọn ò bá dáhùn, ọ̀dọ̀ àjọ ìpínlẹ̀ ní Adó lẹ máa gbé e lọ, kì í ṣe Àbújá. Ẹ máa kọ ọjọ́ àti aago tí iná lọ àti ìgbà tó dé sínú ìwé. Ẹnu lásán ò ṣe ẹ̀rí.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Adó
Ọmọ mi tó wà ní JSS ló máa máa kọ ọ́. Ẹ ṣeun, lọ́yà.

Ọmọ_Èkìtì_Kánádà
Ẹ kú àárọ̀ láti òkè òkun. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sínú ìwé yẹn. Ní oṣù Keje 2025, àjọ iná ti ìpínlẹ̀ Enugu já owó Band A tiwọn láti 209 náírà sí 160. Ọdún kan náà la jọ gba òmìnira. Kí ló dé tí Èkìtì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà: "A fẹ́ 160 bíi ti Enugu."

Wẹ́dà_Ìjerò
Òótọ́ ni. 160 ni ká kọ.

Lọ́yà_Adó
Ẹ rọra. Ẹ wo ibi tí Enugu ti rí 49 náírà tó yọ kúrò. Owó tí ẹ ń san lórí kílówáàtì-wákàtí kan pín sí mẹ́ta: ti ẹni tó pèsè iná, ti ẹni tó gbé e gba wáyà ńlá, ti ẹni tó pín in dé ilé. Enugu ṣírò ti ìpèsè sí nǹkan bíi 45 náírà, nígbà tí àwọn tó ń pèsè iná ní 112 ni iye tó ń ná àwọn. Àlàfo tó wà láàárín ni owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣèlérí, tí kì í sì tètè san. Àwọn apèsè ní gbèsè tó wà lọ́rùn àwọn nìyẹn. NERC náà dá sí i: ìpínlẹ̀ ò láṣẹ láti dín iye iná orí wáyà orílẹ̀-èdè kù, ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ dín in ni kó wá owó tó máa fi dí i.

Mi ò sọ pé Enugu ṣi í ṣe. Wọ́n ní ìṣirò tiwọn, wọ́n sì wo àpò iléeṣẹ́ apínná dáadáa kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ 160 láìkọ ẹni tó máa san ìyókù, ìdáhùn tí ẹ máa gbà kò ní ju "a ti rí ìwé yín" lọ. Ohun tí mo lè kọ bó bá jẹ́ èmi ni pé kí àjọ wa tẹ ìṣirò owó iná Èkìtì jáde, ìlà dé ìlà, kí a rí èyí tó jẹ́ ti Àbújá àti èyí tí a lè gé níbí. Iná tó ń ṣòfò àti èyí tí wọ́n ń jí wà nínú ìṣirò yẹn náà o, ẹni tó ní mítà ló ń san án.

Ọmọ_Èkìtì_Kánádà
Ó yé mi, bọ̀ọ̀dá lọ́yà. Ìlà dé ìlà, mo fara mọ́ ọn. Síbẹ̀, mo ṣì fẹ́ kí wọ́n rí i pé a mọ̀ nípa 160.

Sólà_Ìfàkì
Gbogbo yín ń lépa wáyà. Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe ní agbègbè Ìfàkì àti Ọ̀yẹ́. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là ní oṣù Kejìlá 2023 fún ètò DARES, REA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún iná ìgbèríko, ló ń darí ẹ̀, kí ó lè dé ọ̀dọ̀ èèyàn mílíọ̀nù 17 ààbọ̀ ní Nàìjíríà. Sólà ilé àti sólà abúlé ni. Ìlànà àpapọ̀ náà fàyè gba ibùdó sólà kékeré fún abúlé kan. Kí la tún ń dúró de Òṣogbo fún? Àwọn jẹ́n kékeré tí ẹ ń fà lókùn ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, lítà epo kan kì í fún yín ju kílówáàtì-wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì lọ. Bí lítà bá jẹ́ 900 náírà, 450 sí 600 lẹ ń san nìyẹn. Ta ló wá ń pariwo lórí 209?

Wẹ́dà_Ìjerò
Àbúrò, mo gbọ́. Sólà tó máa gbé ẹ̀rọ wẹ́dà mi láti àárọ̀ dórí alẹ́, ṣé ìwọ lo máa yá mi lówó ẹ̀? Ẹni tó wá ṣe sólà fún mi lọ́dún tó kọjá, bí mo bá fi ọ̀pá wẹ́dà kan irin pẹ́rẹ́n, ínfátà á kígbe, á kú. Gílóòbù àti fáànù ni sólà yín mọ̀.

Sólà_Ìfàkì
Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó fi ínfátà ilé sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ló ṣe yín bẹ́ẹ̀, kì í ṣe sólà. Ẹ̀rọ tó gbé e wà. Owó ẹ̀ ni mi ò lè purọ́ fún yín lórí ẹ̀, ó wọ́n. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù mélòó kan ló para pọ̀, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ńlá lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá mú, ìyẹn ò ní ga jù.

Bàbá_Láìnì
Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí nǹkan tí ẹ ò tíì kà. Kí ni ìlú yín ń lò? Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín bí a ṣe ń kà á, torí pé ibi tí ètò iná ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, yálà ti Àbújá ni tàbí ti àdúgbò yín.

Ká mú tìráńsífọ́mà kan tó jẹ́ 300kVA, a ti kọ ọ́ sí ara páálí irin tó wà lára ẹ̀. Ẹ fi 0.8 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ rí 240 kílówáàtì. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó lè rù. Ká wá sọ pé wẹ́dà mẹ́jọ wà lábẹ́ ẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba kílówáàtì mẹ́fà: 48. Ẹ̀rọ ìlọta mẹ́fà, nǹkan bíi 22. Fírísà 60, méjìlá. Ilé 150, tí ilé kọ̀ọ̀kan ń gba ìdajì kílówáàtì ní ìrọ̀lẹ́: 75. Àpapọ̀ jẹ́ 157. Tìráńsífọ́mà yín ò tíì kún. Nígbà náà, bí iná bá ń pupa, ẹ̀bi ò sí lọ́wọ́ tìráńsífọ́mà, wáyà ló gùn jù tàbí ó tinrín jù. Àwọn ìlú a sì máa sáré dáwó ra tìráńsífọ́mà kejì! Mo ti rí i, wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á pa màlúù, iná á sì tún pupa lọ́jọ́ kejì.

Tí a bá ti ka ti ọ̀sán sọ́tọ̀, tí a ka ti alẹ́ sọ́tọ̀, ìgbà yẹn la máa mọ̀ bóyá sólà lè bá yín gbé ti ọ̀sán, tí wáyà á gbé ti alẹ́. Àwọn oko tí wáyà jìnnà sí, sólà ni kí wọ́n fún wọn lójú ẹsẹ̀. Mi ò bá sólà jà.

Ọmọ_Èkìtì_Kánádà
Bàbá, ẹ wá fọ̀rọ̀ kàn wá. Ẹgbẹ́ wa níbí ti ń dáwó tìráńsífọ́mà fún ìlú wa. Ṣé ká dúró?

Lọ́yà_Adó
Ẹ dúró ná. Ìlànà kan wà tí NERC ṣe ní 2015 lórí owó tí ará ìlú bá fi ra ohun èlò iná. Kí ẹ tó rà á, ẹ̀yin àti iléeṣẹ́ apínná gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí ìwé lórí bí wọ́n ṣe máa dá owó náà padà fún yín. Láìsí ìwé yẹn, tìráńsífọ́mà tí ẹ fi ọwọ́ ara yín rà á di dúkìá wọn. Bí ó bá jó lọ́la, ẹ̀yin náà ni wọ́n á tún ní kí ẹ wá dáwó àtúnṣe. Ẹ fi èyí sínú ìwé Ìkọ̀lé: kí àjọ ìpínlẹ̀ wa fún ìlànà yìí ní eyín.

Tíṣà_Ìsẹ̀
Mo ti ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ìkìlọ̀ kan ni mo ní fún Akọ̀wé nípa iye ńlá. Ní 2010, wọ́n tẹ ìwé ètò iná jáde ní Àbújá, wọ́n ní a máa ní 40,000 mẹ́gáwáàtì tó bá fi máa di 2020. Ní 2019, wọ́n bá iléeṣẹ́ Siemens ti Jámánì ṣe àdéhùn, wọ́n ní 25,000 tó bá di 2025. A ti ń gbọ́ nípa dáàmù Mambilla, 3,050 mẹ́gáwáàtì, láti 1972. Àwọn tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì. Bàbá Láìnì ti sọ iye tó ń jáde fún wa: 5,800 lọ́jọ́ tó dáa jù.

Àwọn tó kọ àwọn ìwé yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kùnà ni pé iye mẹ́gáwáàtì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ò lè fọ́n iná sínú afẹ́fẹ́. Gáàsì gbọ́dọ̀ dé ẹnu ẹ̀rọ, wáyà gbọ́dọ̀ gbé e kúrò, ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ san owó ẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo tó bá já, gbogbo ẹ̀ dúró. Bí Èkìtì náà bá tẹ ìwé ètò jáde, ẹ má wo iye tó wà lójú ewé kìíní. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ẹ̀. Ṣé orúkọ ìlú wà níbẹ̀? Ṣé oṣù wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n kọ ibi tí owó ti máa wá?

Ẹ tún rántí pé ìjọba ń kọ́ Ekiti Knowledge Zone ní Adó pẹ̀lú owó báńkì ìdàgbàsókè Áfíríkà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa jẹ iná gan-an. Mi ò lòdì sí i, ó dáa fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ bóyá ibùdó Adó kan náà ni wọ́n ti máa fà á, kí Ìkọ̀lé, Ọ̀mùò àti Ìsẹ̀ má baà di ẹni tí wọ́n ń pa iná fún kí Adó lè rí tirẹ̀.

Ìbéèrè mi sí Bàbá: a ní dáàmù Èrò, Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìtapajì. Ṣé a ò lè yí iná lára wọn?

Kò_Dá_Mi_Lójú
Tíṣà ti gba ọ̀rọ̀ mi sọ, ó kàn fi nọ́ńbà sí i ni.

Bàbá_Láìnì
Tíṣà, omi mímu ni wọ́n torí ẹ̀ gbẹ́ àwọn dáàmù yẹn. Iná kékeré lè jáde níbi tí omi bá ti ń já láti òkè, ó lè tó láti yí ẹ̀rọ tó ń fa omi gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá lọ sílẹ̀, ẹnu èèyàn ló ṣáájú. Ẹ má jẹ́ kí olóṣèlú kankan fi dáàmù Èrò tan yín pé ó máa tan iná fún Èkìtì.

Akọ̀wé_Ìkọ̀lé
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ya ìwé àwọn àgbà sọ́tọ̀, mo tún òmíràn kọ. Bí mo ṣe kọ ọ́ rèé, ẹ bá mi wò ó:

"Sí àjọ tó ń ṣàkóso iná ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Àwa ará ìlú Ìkọ̀lé ń béèrè, kí ìdáhùn sì jẹ́ lórí ìwé: irú wáyà tó ń gbé iná wá sọ́dọ̀ wa, gígùn rẹ̀, àwọn ìlú tó wà lórí rẹ̀ àti wákàtí tó rí iná ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ọdún tí ètò ìpínlẹ̀ fi iṣẹ́ wáyà wa sí, àti ẹni tó máa san owó rẹ̀, ìṣirò owó iná Èkìtì, ìlà dé ìlà, iye ilé tí kò tíì ní mítà ní ìlú wa àti ìgbà tí wọ́n máa rí i, àdéhùn tó wà lórí àwọn tìráńsífọ́mà tí ìlú ti fi owó ara wọn rà. Àwa náà so ìwé mọ́ èyí tó fi hàn iye iná tí ìlú wa ń lò lọ́sàn-án àti lálẹ́, lábẹ́ tìráńsífọ́mà kọ̀ọ̀kan."

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni a ò tíì ní. Àwọn ọ̀dọ́ máa bẹ̀rẹ̀ sí kà á lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á gba ìdí ọjà lọ kọ́kọ́.

Lọ́yà_Adó
Ó dáa. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n dáhùn sí i. Òfin FOI ti 2011, tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, fún wọn ní ọjọ́ méje, ẹ dárúkọ ẹ̀ níbẹ̀.

Wẹ́dà_Ìjerò
Akọ̀wé, bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ àwọn wẹ́dà, kí wọ́n má béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá o. Ọ̀gá á sọ pé ẹ̀rọ kan lòun ní, torí ó rò pé owó orí ni wọ́n wá gbà. Ọmọṣẹ́ ni kí wọ́n bi.

Sólà_Ìfàkì
Mo máa yá wọn ní kílámpù tí mo fi ń wọn iná lára wáyà. Mo lè wá fúnra mi ní Sátidé bí wọ́n bá fún mi ní owó ọkọ̀.

Akọ̀wé_Ìkọ̀lé
Owó ọkọ̀ wà. Bàbá, àwọn ẹ̀rọ ìlọta tí kò ní ìwé kankan lára mọ́ ńkọ́, èyí tí wọ́n ti kùn ní àwọ̀ ewé?

Bàbá_Láìnì
Ẹ fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà kúrò lára mọ́tò ẹ̀, ẹ máa rí irin pẹlẹbẹ kékeré kan níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ HP sí i, ẹ fi 0.75 sọ ọ́ di púpọ̀, kílówáàtì ẹ̀ nìyẹn. Bí ọ̀bẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí Sólà fi kílámpù rẹ̀ mú wáyà ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń lọ ata gan-an, kì í ṣe nígbà tó ń yí lófìfo.